Ta Ló Mọ̀ Ọ́n Gbá Jù? Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kọ́mínì Kétu

Sí Mẹ́à Kétu àti gbogbo ìgbìmọ̀ Kọ́mínì wa,
Sí Ààfin Alákétu àti àwọn àgbà ìlú,
Sí gbogbo ẹni tó ń gbá bíyáà àti ẹni tó ń ta ayò ní Kétu, Idigny, Adakplamè, Kpankou, Odométa àti Okpométa.

 

Àríyànjiyàn kan wà nílùú wa tí kì í tán. Níbi tí tábìlì bíyáà bá wà, àwọn ọ̀dọ́ á ní kò tíì sí ẹni tó gbá a bí àwọn tí àwọn ń wò lórí fóònù lóde òní: Fedor Gorst, Shane Van Boening, Jayson Shaw. Àwọn tó jù wọ́n lọ á dá wọn lóhùn pé Efren Reyes, ọkùnrin ará Filipínì nì, ni bàbá gbogbo wọn. Ẹ sún díẹ̀ síwájú, sí abẹ́ igi níbi tí àwọn bàbá wa ti ń ta ayò, ẹ ó bá irú ọ̀rọ̀ kan náà níbẹ̀: àwọn ọ̀ta ayé àtijọ́ ló mọ ayò, àwọn ti ìsinsìnyí kàn ń da ọmọ ayò káàkiri ọpọ́n ni. Mo ń kọ lẹ́tà yìí nítorí mo gbà pé àríyànjiyàn náà ní ìdáhùn, àti pé ìdáhùn rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan lé yín lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìwé wà. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1954, Willie Mosconi, ọmọ Philadelphia, lọ gbá bíyáà lójú àwọn èrò nílùú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Ohio, l'Amẹ́ríkà. Eré tí wọ́n ń pè ní straight pool ni. Nínú rẹ̀, eléré á sọ bọ́ọ̀lù tó fẹ́ gbá àti ihò tí yóò gbà wọlé, kí ó tó fi ọ̀pá kàn án. Mosconi gbá 526 wọlé léraléra kí ó tó tàsé ẹyọ kan. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí. Ọkùnrin yìí kan náà gba oyè àgbáyé eré yìí nígbà 15 láàárín 1941 sí 1957. Ó ti kú láti 1993, 526 yẹn sì dúró fún ọdún tó lé ní 60. Ní 2019, John Schmidt, ará Amẹ́ríkà, gbá 626. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2022, Jayson Shaw, ọmọ Skọ́tlándì, gbá 714.

Ẹni tó bá wo iye nìkan á ní ẹjọ́ ti parí, ọmọ òde òní ti jàre. Ẹ jẹ́ kí á tú u wò. Tábìlì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ni Mosconi lò, ihò rẹ̀ sì fẹ̀. Tábìlì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ni Schmidt àti Shaw lò, ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń rìn níbẹ̀ sì jìn jù. Ẹ̀rí yẹn gbè àwọn ti ìsinsìnyí. Ẹ̀wẹ̀, Mosconi kò bá ti àkọsílẹ̀ kankan lọ síbẹ̀. Ó lọ bá ènìyàn gbá eré kan lálẹ́ ọjọ́ kan ni, lórí tábìlì tó bá níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Schmidt àti Shaw fi ọjọ́ púpọ̀ jókòó ti iṣẹ́ yìí: bí wọ́n bá tàsé, wọ́n á to bọ́ọ̀lù pa dà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, kámẹ́rà á sì máa ká gbogbo rẹ̀ títí èyí tí wọ́n ń wá yóò fi bọ́ sí i. Ẹ̀rí yẹn gbè àtijọ́.

Irinṣẹ́ náà ti yí pa dà. Aṣọ tó wà lórí tábìlì ayé Mosconi nípọn, ó sì ní irun. Ẹni tó bá fẹ́ kí bọ́ọ̀lù funfun rìn láti ìkángun kan dé èkejì, kí ó sì pa dà, ní láti fi agbára sí i, agbára sì ni ó máa ń mú ọwọ́ yẹ̀. Aṣọ òde òní fẹ́lẹ́, ó ń dán. Bí a bá fi ọ̀pá kan bọ́ọ̀lù díẹ̀, ó ti lọ. Ìṣòro tó kù ni bí yóò ṣe dúró síbi tí a fẹ́. Bọ́ọ̀lù pàápàá, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, eyín erin ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, àwọn erin ilẹ̀ Áfíríkà wa sì wà lára àwọn tí wọ́n pa nítorí rẹ̀. Eyín erin a máa fà, a máa sán bí ojú ọjọ́ bá yí, bọ́ọ̀lù tó rí róbótó lónìí lè má rí bẹ́ẹ̀ mọ́ bí ọdún bá yí po. Ní àwọn ọdún 1860 ni John Wesley Hyatt l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti dé orí selulọ́ìdì. Lónìí, oje kẹ́míkà tó le bí òkúta ni wọ́n fi ń ṣe é ní Bẹ́ljíọ̀mù, gbogbo bọ́ọ̀lù inú àpótí kan ló sì dọ́gba ní ìwọ̀n àti ní ìtóbi. Ọ̀pá tí wọ́n ń fi igi ṣe tẹ́lẹ̀ ti di ti káábọ̀nù fún ọ̀pọ̀ eléré, kì í tẹ̀, ojú ọjọ́ kì í mú un. Tí wọ́n bá fẹ́ to bọ́ọ̀lù fún ìfọ́kọ́, ìyẹn ìgbá àkọ́kọ́ tó ń tú wọn ká, ọ̀rá pẹlẹbẹ kan ti wà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn á sì fara kan ara wọn gírígírí.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé 714 ju 526 lọ, ìṣirò ló sọ. Kò tíì sọ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù.

Ọ̀rọ̀ kejì wà tó wúwo ju ti tábìlì lọ, èyíinì ni ti ẹni tí wọ́n gbà láàyè láti gbá. Cisero Murphy jẹ́ ọmọ Brooklyn, ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ó sì mọ bíyáà gbá láti ìgbà èwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣètò ìdíje ńlá l'Amẹ́ríkà kò pè é, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbà á wọlé ní Burbank, California, ní 1965, oyè àgbáyé ni ó fi ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ gbà. Ẹ wá bi ara yín léèrè: mélòó ni irú Murphy tí wọn kò pè títí wọ́n fi di arúgbó? Ìwé orúkọ àwọn ọ̀gá ayé àtijọ́ tí a ń kà lónìí, ìwé àwọn tí wọ́n gbà wọlé ni. Àwọn Yorùbá sì ní àgbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Bákan náà ni ti Efren Reyes. Wọ́n bí i ní 1954 ní Pampanga, ilé bíyáà arákùnrin òbí rẹ̀ kan ní Manila ló sì ti dàgbà. Orí tábìlì ló ń sùn lóru; nígbà tí kò tíì ga tó, orí àpótí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló ń gùn kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè tó bọ́ọ̀lù. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò mọ̀ ọ́n títí di 1985, nígbà tó dé Houston pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, Cesar Morales, tó sì gba ìdíje wọn mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 1994, ó di ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tó gba ìdíje US Open. Ní 1996, òun àti Earl Strickland dojú kọ ara wọn ní Hong Kong fún 100,000 dọ́là: ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ eré 120 ni yóò gbé e lọ. Reyes jẹ 120, Strickland jẹ 117. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbá a, eré mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn. Ní 1999, ó gba oyè àgbáyé nine-ball, irú eré bíyáà mìíràn, ní Cardiff. Títí di 1985, ọwọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti wà ní Manila fún ọdún púpọ̀, àwọn tó ń ka ara wọn sí ọ̀gá ayé kò sì gbọ́ ọ rí.

Nígbà ayé Mosconi, àárín àwọn ará Amẹ́ríkà díẹ̀ ni oyè àgbáyé straight pool ń yí sí. Láti 1990 tí ìdíje àgbáyé nine-ball ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ibi tí oyè ti lọ: Amẹ́ríkà, Filipínì, Taiwan, Jámánì, Finland, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Japan, Netherlands, Sípéènì. Ọmọ ọdún 16 ni Wu Chia-ching ti Taiwan nígbà tó gbà á ní 2005. Shane Van Boening, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa láti kékeré, gba US Open nígbà márùn-ún, ó sì dúró di 2022 kí ti àgbáyé tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Fedor Gorst, tí wọ́n bí ní Moscow ní 2000, gba ti 2024 ní Jeddah. Eré kan ṣoṣo ni ó fi ju Eklent Kaçi ará Albania lọ ní àṣekágbá, 15 sí 14.

Èrò tèmi rèé, mo sì sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀. Tí a bá kó àádọ́ta eléré tó ga jù lónìí, tí a kó àádọ́ta ti ọdún 1950, tí a sì fún gbogbo wọn ní tábìlì kan náà àti àkókò láti mọ̀ ọ́n lára, àwọn ti òde òní ni yóò borí. Ayé tí wọ́n ti yan wọ́n fẹ̀ jù, wọ́n ń wo eré ara wọn lórí àwòrán, wọ́n ń ka àṣìṣe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ihò tí wọ́n ń gbá a sí nínú àwọn ìdíje ńlá sì ti kéré sí i. Ṣùgbọ́n tí a bá ń bèèrè ẹni tó ga jù, ibi tí ẹnì kan fi ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni kí á fi wọ̀n ọ́n, nítorí irinṣẹ́ kan náà àti òfin kan náà ni òun àti wọn jọ lò. Pẹ̀lú òṣùwọ̀n yẹn, Mosconi kò kéré sí ẹnikẹ́ni, Reyes kò kéré sí ẹnikẹ́ni. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó kọ́ eré lórí aṣọ tó nírun ní ọgbọ́n ọwọ́ kan tí ẹni tó bá aṣọ dídán nílẹ̀ kò ní láti wá.

Ohun kan ló jẹ́ kí n lè sọ gbogbo èyí: ẹnì kan ló kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọjọ́, wọ́n kọ ibi, wọ́n kọ iye, wọ́n kọ ìwọ̀n tábìlì, àwọn ẹlẹ́rìí buwọ́ lù ú.

Ẹ jẹ́ kí á wá bọ̀ wálé. Ẹ lọ sí èyíkéyìí nínú àwọn tábìlì bíyáà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Pobè. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù funfun sí àárín, kí ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ ó rí i tí yóò máa yí lọ díẹ̀díẹ̀ sí igun kan, nítorí ilẹ̀ kò tẹ́jú, páálí tí wọ́n ká sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì sì ti tẹ̀ pẹlẹbẹ. Eruku pupa ilẹ̀ wa ti wọ inú aṣọ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku funfun á tún bà lé e. Ojú ibi tí wọ́n ti ń fọ́kọ́ ti ya, wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an. Ọmọkùnrin tó ń gbá níbẹ̀ lójoojúmọ́ mọ gbogbo èyí. Ó mọ̀ pé bí òun bá fẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọ ihò igun yẹn, òun ní láti sún ojú sí òsì ní ìbú ìka méjì. Ọgbọ́n gidi ni, ó sì pẹ́ kí ó tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ sí Kútọnu, sórí tábìlì tó tẹ́jú, ọgbọ́n yẹn gan-an ni yóò mú un tàsé, àwọn tó ń wò ó á sì ní ọmọ Kétu kò mọ̀ ọ́n gbá. Kò sí ìwé kankan tí yóò gbèjà rẹ̀.

Ti ayò ló dùn mí jù. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ó ṣe rí nìyẹn lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wa, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lónìí. Kò sí aṣọ tó yí pa dà níbẹ̀, kò sí ọ̀pá káábọ̀nù, kò sí erin tó kú nítorí rẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kò sí bí a ṣe lè gbé Mosconi àti Gorst sórí tábìlì kan náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kọ eré ọ̀ta kan ní ayé àwọn bàbá bàbá wa sílẹ̀, ihò tó kó, ibi tó tú u dé, iye ọmọ tó jẹ, ọ̀ta òde òní ìbá lè tẹ́ ọpọ́n síwájú lónìí, kí ó tún eré náà ta lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ ibi tí baba náà ti rí ohun tí òun kò rí. Àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Eré tí wọ́n ta ní igba ọdún sẹ́yìn ṣì wà tí ọmọdé ń tún ta. Eré tó rọrùn jù lọ láti fi àtijọ́ wé òde òní ni a ní nínú ilé, a kò sì kọ ẹyọ kan sílẹ̀.

Mo ti jókòó ti àwọn bàbá tó ń ta á. Odù á ti pọ̀ nínú ihò kan, ọmọ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀, bàbá náà kò sì ní kà á. Ó kàn máa bojú wò ó ní ẹ̀ẹ̀kan, ó ti mọ ibi tí ọmọ tó kẹ́yìn yóò já sí, ó sì ti mọ iye tí òun yóò jẹ. Tí ẹ bá bi í lẹ́ni tó kọ́ ọ, á dárúkọ ẹnì kan tó ti di ará ọ̀run. Tí ẹ bá bi í bí ẹni yẹn ṣe ń ta tirẹ̀, á mi orí, á ní ẹ̀yin kò lè mọ̀. Òtítọ́ ló sọ. A kò lè mọ̀ ọ́n mọ́.

Ìlú Kétu kọ́ ni ó yẹ kí irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ìlú yìí ni Baba Ẹlẹ́gùn wà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ìtàn ìlú àti ti àwọn ọba sórí, kí ó sì kà á tán láìfò ọ̀kan bí Alákétu tuntun bá fẹ́ gorí oyè. Ìwé kọ́ ni, ahọ́n ni, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ni pẹ̀lú òfin tirẹ̀, àṣìṣe kò sì sí nínú ohun tí wọ́n gbà láyè níbẹ̀. Ní 1886 tí Dahomey fọ́ Kétu, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ, ìtàn yẹn kò parun. Òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Parrinder gbọ́ ọ, ó fi ṣe ìwé ní 1956. Bàbá Thomas Moulero, ọmọ Kétu, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè àlùfáà Kátólíìkì nílẹ̀ Dahomey ní 1928, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ìtàn wa. Ní Mẹ́kọ̀, lára ilẹ̀ Kétu tí ààlà àwọn òyìnbó gé sí apá Nàìjíríà, agbẹ́gilére kan tó ń jẹ́ Dúgà gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Nítorí pé William Bascom, onímọ̀ nípa àṣà, jókòó tì í, tó sì kọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi agbẹ́gilére òde òní wé Dúgà lè ṣe é títí di òní. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúnra rẹ̀, tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ìṣúra ọmọ aráyé, ì bá má dé ibẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó kọ nípa rẹ̀. Àwa tí a ń ṣọ́ orúkọ ọba tọkàntọkàn, kí ló dé tí orúkọ àwọn tó ń fi ọgbọ́n orí dá wa lára yá fi ń bá wọn wọ ilẹ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin aláṣẹ wa, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí.

Èkíní, kí Kọ́mínì ṣí ìwé kan sí ọ́fíìsì mẹ́à, kí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Kí wọ́n máa kọ ìdíje ayò àti ti bíyáà tó bá wáyé ní agbègbè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú rẹ̀: ọjọ́, ibi, orúkọ, iye, irú tábìlì, àti ìbuwọ́lù àwọn ẹlẹ́rìí. Owó rẹ̀ kò ju ti ìwé àti bírò lọ.

Èkejì, kí ẹ bá àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga wa sọ̀rọ̀, kí wọ́n rán àwọn ọmọ lọ bá àwọn ọ̀ta tó ṣì wà láàyè. Kí wọ́n fi fóònù ká bí wọ́n ṣe ń ta, kí wọ́n fún àwọn ihò ní nọ́ńbà láti 1 dé 12, kí wọ́n sì kọ eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ dúró de ọdún tó ń bọ̀. Àwọn tí mo ń sọ ti dàgbà.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ gbé tábìlì bíyáà kan tó tẹ́jú, tó ní ìwọ̀n tí ayé mọ̀, sí ilé àwọn ọ̀dọ́ ní Kétu, kí ti àwọn agbègbè yòókù tẹ̀ lé e bí owó bá ṣe wà. Kí ó má ṣe jẹ́ ilé ọtí nìkan ni ọmọ ọdún 14 ti lè fọwọ́ kan ọ̀pá. Kí wọ́n má fi tẹ́tẹ́ kún un níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí Ààfin àti Kọ́mínì jọ pe àwọn ará Ìlárá àti Mẹ́kọ̀ wá sí ìdíje kan lọ́dọọdún, ayò ní ọjọ́ kan, bíyáà ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, ọ̀ta wọn ni ọ̀ta wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbá bíyáà, kí ẹ̀yin náà má sọ pé àgbà kò mọ nǹkan. Ẹ bèèrè irú aṣọ tí wọ́n gbá a lórí, ẹ bèèrè ẹni tí wọn kò jẹ́ kí ó gbá. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má sọ fún àwọn ọmọ pé wọn kò lè mọ̀. Ẹ jókòó, ẹ ta á fún wọn, kí wọ́n kọ ọ́.

Kí ìwé náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Kí ẹ sì jẹ́ kí ojú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn ọ̀ta tó ti lọ, tí àwọn ọmọ wọn ṣì lè dárúkọ wọn, pẹ̀lú ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ṣì rántí nípa bí wọ́n ṣe ń ta á.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Kétu kan tó fẹ́ràn eré ìlú rẹ̀.